Obìnrin Kejìlá ní Ogbooro

Bí ẹ bá fẹ́, ẹ ní irọ́ ni mò ń pa. N kò ní bínú. Èmi Sodiqat ti pa irọ́ kan rí, ẹ ó sì gbọ́ ọ báyìí. Ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀lé irọ́ náà ṣojú mi kòró, Ọlọ́run Ọba lẹ́rìí mi.

Máàsítà ni mò ń kà. Ìwádìí mi dá lórí ohun tí àwọn obìnrin Òkè-Ògùn ń ṣe àti ohun tí wọ́n ń sọ nídìí iṣu tí wọ́n bá kó jọ. Àpérò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bọ̀, Dókítà Abọ́dúnrìn tó ń tọ́ mi sọ́nà sì ní kí n fọ̀rọ̀ wá obìnrin méjìlá lẹ́nu wò. Mo rí mọ́kànlá, láti Òtu títí dé Ṣakí. Ogbooro ló kù. Lọ́jọ́ tó yẹ kí n lọ, oòrùn mú, ó rẹ̀ mí, mo jókòó sí yàrá mi ní Ìsẹ́yìn. Ọ̀lẹ ni, kì í ṣe nǹkan mìíràn. Mo bá fọwọ́ ara mi dá obìnrin kejìlá.

A kì í pe àgbà obìnrin lórúkọ ṣákálá, ẹ̀yin náà mọ̀. Mo ní láti fún un lọ́mọ kó tó lè ní ohun tí a ó máa pè é. Mo kọ ọ́ pé: Ìyá Mọ́ládé, ẹni ọgọ́ta ọdún, Ogbooro. Kí ọ̀rọ̀ náà lè wọni lára, mo pa Mọ́ládé. Mo ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni nígbà tó kú. Mo ní láti ìgbà náà, bí ọ̀sán bá ti pọ́n, ìyá rẹ̀ á gbé iṣu kan sí ẹnu ọgbà iṣu, á pe ọmọ náà lẹ́ẹ̀mẹta, á padà sílé láìwẹ̀yìn. N kò gbọ́ irú àṣà bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí. Orí ara mi ni mo ti mú un jáde, lọ́jọ́ Alàmísì, lẹ́yìn ìrun Alásárì.

Nígbà tí mo fi ránṣẹ́ sí Dókítà, inú rẹ̀ dùn débi pé ó pè mí lórí fóònù.

"Sodiqat! Ìyá Ogbooro yìí gan-an ni iṣẹ́ náà! Lọ gba ìtẹ̀ka rẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda. Ọjọ́ Ẹtì la máa fi ránṣẹ́."

"Ó dáa, sà."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi ò lò ju ọjọ́ márùn-ún lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo wọkọ̀ dé Ṣakí, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ogbooro. Èrò mi ni pé màá wá ìyá àgbà kan, màá fún un ní ọṣẹ àti ṣúgà, yóò bá mi tẹ̀ka, ó parí. Ẹ ò rí ojú mi! N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni fún ọlọ́kadà. Nígbà tí a wọ ìlú, ó yà sí ọ̀nà kan, ó dúró.

"Ilé Ìyá Mọ́ládé rèé."

"Ta ló ní ibẹ̀ ni mò ń lọ?"

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún mi ní gáréèjì." Ó yí ọ̀kadà rẹ̀ padà, ó lọ.

Ọ̀sán gangan ni. Àdúgbò pa lọ́lọ́. Adìẹ ò ké. Afẹ́fẹ́ ò fẹ́. Òórùn iṣu tútù ló kún imú mi. Obìnrin kan jáde láti ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú iṣu kan lọ́wọ́. Ó gbé e sí ẹnu ọgbà iṣu.

"Mọ́ládé. Mọ́ládé. Mọ́ládé."

Ó kọjú sílé, kò wẹ̀yìn. Sùbúhánàllọ́ọ̀! Orí mi wú.

"Sodiqat," ó ní, "o pẹ́ kí o tó dé."

N kò sọ orúkọ mi fún un. Mo kúnlẹ̀ kí i.

"N kì í ṣe èyí tẹ́lẹ̀ o," ó ní. "Láti Alàmísì ni. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, ọwọ́ mi á kàn gbé iṣu. N kò mọ ẹni tó kọ́ mi."

"Mọ́ládé ńkọ́, mà?"

Ó fà mí wọlé. Ọmọbìnrin kan wà lórí ẹní. Ẹgbẹ́ mi ni. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ó ń mí, ṣùgbọ́n bí ẹni tí wọ́n ń fi ṣíbí bu afẹ́fẹ́ fún ni.

"Alàmísì náà ló dùbúlẹ̀, lẹ́yìn Alásárì," ni ìyá rẹ̀ wí. Kò pariwo. "Kò tíì kú. Ìwọ lo kọ ọ́. Jọ̀ọ́, pa ohun tí o kọ rẹ́."

Mo sá. N kò lè parọ́ fún yín, mo sá bí olè. Kí n tó dé Ṣakí ni mo ti pe Dókítà.

"Sà, ẹ jẹ́ ká yọ ìyá Ogbooro kúrò."

"Ká yọ ọ́ kẹ̀? Mo ti fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí, n ò lè dúró dọjọ́ Ẹtì. Fọ́ọ̀mù lè tẹ̀lé e. Àbí ìṣòro kan wà?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n á lé mi. Ìyá mi sì ti ń fi mí yangàn káàkiri àdúgbò.

"Kò sí, sà."

Àtàǹpàkò ara mi ni mo fi tẹ fọ́ọ̀mù náà. Mo kọ lẹ́tà sí àwọn tó ṣètò àpérò pé kí wọ́n dá iṣẹ́ mi padà. N kò fi ránṣẹ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé ó di ọ̀la, ọkàn mi ń dá mi lẹ́bi, ọwọ́ mi ò sì ṣe nǹkan kan.

Ọjọ́ àpérò pé. Mo ka iṣẹ́ mi, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan dìde lẹ́yìn. Ó ń nu ojú rẹ̀ nù.

"Ọmọ mi, Mọ́ládé tí o sọ yìí. Ṣé ó dá ọ lójú pé ó ti kú?"

Gbogbo wọn ń wò mí. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi, mo mọ adùn rẹ̀: rárá, mà, kò kú.

"Ó ti kú, mà," ni mo wí.

Oṣù méje rèé. Lójoojúmọ́ ni àwọn ará Ogbooro ń sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì Ìsẹ́yìn níbi tí mo ti ń wọkọ̀. Kò le rárá láti bi ọ̀kan nínú wọn pé Mọ́ládé ńkọ́. N kò tíì bi ẹnikẹ́ni.