Ọkọ̀ Bàbá Nasir Ń Gbóná Lọ́nà Ayọ̀bọ̀

Ibì kan ṣoṣo ni ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù tí ọkọ mi fi sílẹ̀ ti máa ń gbóná. Ẹ wà á lọ sí Ìkòtún nínú oòrùn ọ̀sán, nǹkan kan ò ní í ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e láti ilé wa ní àdúgbò Command gba ọ̀nà Ayọ̀bọ̀, tí ẹ dé iwájú ilé kan tó ní géètì búlúù, omi inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

Ọdún tí Bàbá Nasir kú ló bẹ̀rẹ̀. Ó ti sú Nasir ọmọ mi. Ó ní, "Màmá, bí Charles ò bá rí ohun tó ń ṣe é lónìí, àwọn tó ń gé irin á wá gbé e lọ́la."

Lára ohun tó kù fún mi lọ́wọ́ ọkọ mi, ọkọ̀ yẹn nìkan ló ṣì ń fọhùn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gé e.

Charles mẹkáníìkì fọwọ́ kan rédíétọ̀ lókè, ó fọwọ́ kàn án nísàlẹ̀, bóyá ó dí. Kò dí. Ó yẹ bẹ́líìtì fáànù àti pọ́ǹpù omi wò. Ó wo èéfín, bóyá ó funfun bíi ti ọkọ̀ tí gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti jó. Kò funfun.

"Màmá, ara ọkọ̀ yìí le ju tèmi lọ jàre. Ẹ jẹ́ ká gbé e débẹ̀."

A lọ. Abẹ́rẹ́ tó ń wọn ooru sùn sílẹ̀ títí a fi dé géètì búlúù, ló bá dìde. Charles paná ọkọ̀. Abẹ́rẹ́ náà ṣì ń gòkè.

"Kí ló wà níbí tẹ́lẹ̀, Màmá?" Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

Mo ní ilé ìyá ọkọ mi ni, kí ẹbí tó ta ilẹ̀ náà. Nígbà tí mo wà ní ìyàwó, bí a bá ń kó ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti oko, Bàbá Nasir á ní, "Ọkọ̀ ti gbóná, jẹ́ ká sinmi díẹ̀." Irọ́ ni. Ó fẹ́ yà kí ìyá rẹ̀ ni, ó kàn ń purọ́ kí n má baà máa kùn. Èmi náà á ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ìyá á bu omi tútù jáde, wọn á máa ki oríkì ọmọ wọn, àgbà ọkùnrin á máa rẹ́rìn-ín bí ọmọ ọwọ́. Ibẹ̀ náà la sin Ìyá sí nígbà tí wọ́n kú.

A sọ̀ kalẹ̀, Charles lọ tọrọ omi. Obìnrin ayálégbé kan nínú ilé náà, Bàrákàt, gbé kẹ́ẹ̀gì jáde fún un, ó sì gbé ife omi mímu wá. Ife mẹ́ta ni.

Charles rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹni méjì ni wá o. Àbí ẹ fẹ́ kí ikùn mi bẹ́ ni?"

"Ti Bàbá tó jókòó sáàárín ni." Obìnrin náà ń wo inú ọkọ̀. "Àbí wọn ò ní í sọ̀ kalẹ̀ ni? Ẹ wò ó, wọ́n ń làágùn."

Kẹ́ẹ̀gì bọ́ lọ́wọ́ Charles. Mi ò bojú wẹ̀yìn wo ọkọ̀. Mo gba ife kẹta, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ Bàrákàt, mo wọlé lọ da omi náà sí ẹsẹ̀ ògiri tí sàréè Ìyá wà. Mo ní, "Ìyá, ọmọ yín yà kí yín o."

Nígbà tí mo padà, kò sí ẹni tó tíì bu omi sí rédíétọ̀. Abẹ́rẹ́ ti sùn.

"Màmá," Charles ti lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn nídìí sítíárì, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ mi."

"Síbo? Ṣé àyè wà níbẹ̀ ni?"

A délé. Charles na kọ́kọ́rọ́ sí Nasir. "Ẹ má tà á, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣáà máa yà níbẹ̀." Nasir pòṣé, ó tẹrí wọ inú ọkọ̀, ó fọwọ́ ti àárín àga. Ó yára fà á yọ. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tutù rinrin.

"Màmá, ta ló làágùn síbí?"

Mo ní, "Kí bàbá rẹ káàbọ̀."

Ó dọ̀bálẹ̀ sínú yẹ̀pẹ̀. Nígbà tí àwọn onírin dé lówùúrọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló lé wọn.