Ọ̀dà Tí Kò Tíì Gbẹ

"Ọmọlará, fetí sílẹ̀." Adékọ̀yà gbé agolo ọ̀dà méjì síwájú ọmọ rẹ̀. "Èyí ń dán, èyí kì í dán. Ìgò mẹ́ta nínú èyí tó ń dán, ìgò kan nínú ìkejì. Ro ìkejì yẹn dé ìdí kó o tó bù ú, torí ìyẹ̀fun tí kì í jẹ́ kó dán máa ń rì sí ìsàlẹ̀. Fi díẹ̀ kun páànù yìí, kó o jẹ́ kó gbẹ di àárọ̀ ọ̀la. Tó bá bá bọ́ńpà iwájú ọkọ̀ Dagogo tí mo kùn mu, kó o wá kun ti ẹ̀yìn. Ọ̀dà tútù, irọ́ ló ń pa. Gbogbo ọ̀dà ló ń dán nígbà tó bá tutù."

"Mo gbọ́, sà."

Adékọ̀yà gba Rumuomasi lọ síbi iṣẹ́ mìíràn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ló máa tó padà dé.

Ọdún 1969 ni. Ìyá Ọmọlará ti kú tipẹ́. Comfort, ọ̀rẹ́ Ọmọlará, ti bá àwọn òbí rẹ̀ sá kúrò ní Port Harcourt lọ́dún tó ṣáájú, nígbà tí ogun ń bọ̀. Àgádágodo ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn wọn ní òdìkejì títì, koríko sì ti hù dé ojú fèrèsé. Ó ti tó ọdún kan tí ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ kankan kò pe orúkọ Ọmọlará.

Bàbá rẹ̀ ní ẹnì kan ní tirẹ̀: Ìyá Àsàmáù, ará Ìjẹ̀bú tó ń ta ọ̀dà. Ní ìrọ̀lẹ́, obìnrin náà á wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì wọn, òun àti Adékọ̀yà á máa fi èdè Ìjẹ̀bú bú ara wọn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ní gbogbo D-Line, àdúgbò wọn, àwọn méjèèjì nìkan ló gbọ́ ọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ibiere, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò, yọjú.

"Lara! Tomorrow morning we dey go dance for Eneka. You go come?"

"Mo níṣẹ́ láàárọ̀ ọ̀la."

"Na only paint you sabi? Ó yá, n ó mú ẹlòmíì."

Ọmọlará sáré tẹ̀ lé e. "Dúró! Mo ń bọ̀."

Kí àyè lè wà lọ́la, ó pinnu láti kun bọ́ńpà lónìí. Ó ro ọ̀dà kejì náà lẹ́ẹ̀mẹta péré, ó da omi orí rẹ̀ dànù, ó sì bu ti ìsàlẹ̀ tó ki mọ́ èyí tó ń dán. Ó fi díẹ̀ kun páànù. Ó dán. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ńpà iwájú, ó sì bá a mu. Kò dúró. Ó kun bọ́ńpà ẹ̀yìn tán pátápátá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ní Eneka, Ibiere rí àwọn ìbátan rẹ̀, ó sì bá wọn lọ. Kò wẹ̀yìn. Abẹ́ igi máńgòrò kan ni Ọmọlará dúró sí títí tí wọ́n fi jó tán.

Nígbà tó padà délé, bọ́ńpà iwájú ń dán díẹ̀, bó ṣe yẹ. Ti ẹ̀yìn kò dán rárá, ó ṣú bí èédú, torí ìyẹ̀fun ti pọ̀ jù nínú ọ̀dà rẹ̀. Ọ̀dà sì ti tán.

Bàbá rẹ̀ àti Dagogo, ọlọ́kọ̀, jọ wọlé dé.

"Ọ̀gá Pẹ́ńtà," ni Dagogo wí, "ọkọ̀ mi ti dà bí ẹni tó bọ́jú tí kò wẹsẹ̀!"

Adékọ̀yà wo ọmọ rẹ̀. "Ṣé o jẹ́ kó gbẹ?"

"Mo jẹ́ kó gbẹ, sà. Bóyá ọ̀dà yẹn ni kò dáa."

Adékọ̀yà gbé agolo náà, ó kọrí sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Àsàmáù. Ọmọlará gbọ́ ohùn wọn láti títì.

"O wá ń ta ayédèrú fún mi, ìwọ!"

"Èmi, Adékọ̀yà? Ó dáa. Má tún tẹ ẹnu ọ̀nà mi mọ́."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò wá. Lọ́jọ́ kejì, ẹnikẹ́ni kò wá. Lọ́jọ́ kẹta, Ọmọlará rí i pé etí bẹ́ǹṣì ni bàbá òun jókòó sí, ó fi àyè Ìyá Àsàmáù sílẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ń wo títì. Kò sí ẹni tó ń bọ̀.

Ọmọlará dìde, ó lọ bá Ìyá Àsàmáù.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ọ̀dà yín dáa. Èmi ni mi ò rò ó dáadáa, mi ò sì dúró kó gbẹ. Mo purọ́."

"Kí ló fà á?"

"Mo fẹ́ bá Ibiere jáde ni. Mi ò ní ẹnì kankan, mà."

Obìnrin náà tẹjú mọ́ ọn. "Torí pé o ò ní ẹnì kankan, lo ṣe gba ẹnì kan ṣoṣo tí bàbá rẹ ní?"

Ọmọlará bú sẹ́kún.

"Ẹkún kọ́. Lọ sọ fún un."

Ó lọ sọ ọ́. Bàbá rẹ̀ na sáńpépà sí i. "Họ ọ́ kúrò."

Odidi ọjọ́ kan ló fi họ bọ́ńpà yẹn, ìka rẹ̀ bó. Bàbá rẹ̀ lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ìyá Àsàmáù, ó sì ra ọ̀dà mìíràn bọ̀. Ọmọlará rò ó dé ìdí. Ó kun páànù, ó sì jókòó tì í. Títí ilẹ̀ fi mọ́, kò fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì; ìgbà tó gbẹ tó sì bá ti iwájú mu ló tó kun ti ẹ̀yìn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Ìyá Àsàmáù wá. Ó jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì. Kò bú Adékọ̀yà, kò rẹ́rìn-ín, kò sì pẹ́ tó fi dìde. Ṣùgbọ́n ó wá.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó dá wà máa ń fẹ́ kánjú, torí gbogbo ohun tó bá kọ́kọ́ rí ló ń dán lójú rẹ̀. Ẹ dúró kó gbẹ ná. Tẹ́ ẹ bá sì ti ṣàṣìṣe, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Wẹ́rẹ́ ni irọ́ ṣeé kùn. Híhọ rẹ̀ ló ń bó ènìyàn níka.