Wáyà Tí Ìdírísù Kò Fi Fíúùsì Sí

Gbàù! Gbàù!

Ìbọn dún ní àdúgbò Òfin, ní ìsọ̀ olóbì! Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Màgáríbì tán tú ká, kálukú ń wá ibi tó máa forí pamọ́ sí.

Ìdírísù nìkan ni kò sá. Réwáyà ni, iná ọ̀kadà ló ń tún ṣe. Kareemat ìyàwó rẹ̀ ń ṣa obì nínú ìsọ̀ náà lọ́wọ́.

Iná ńlá méjì là sí i lójú, funfun báláú! Kò ríran mọ́, ṣùgbọ́n ó mọ iná náà. Ta ni ò ní mọ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀? Ìrọ̀lẹ́ yìí gan-an ló so ó mọ́ iwájú ọ̀kadà yẹn.

"Ẹ dọ̀bálẹ̀! Ẹni tó bá gbórí sókè, ó ti di èrò ọ̀run nìyẹn!"

Ayẹta nìyẹn, olórí àwọn ọlọ́ṣà. Oògùn tó ń yẹ ọta ìbọn ló so mọ́ apá, òun ló sọ ọ́ lórúkọ. Ó fa Kareemat, ó gbé e ka orí táǹkì epo níwájú ara rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà yìnbọn fún un.

"Ìyàwó, ẹ jẹ́ ká ṣe fáàjì!"

Fùùùn! Ó gba ọ̀nà Òde Rẹ́mọ. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ gba ẹ̀yìnkùlé.

Olúdọ̀tun, olórí fijilanté tó ń ṣọ́ àdúgbò, fò lé máṣíìnì tiẹ̀. Ìdírísù fò sẹ́yìn rẹ̀.

Ojú ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti sọ sí i lọ́kàn. Fíúùsì! Áà, mo gbé!

Nígbà tí Ayẹta yìí gbé máṣíìnì wá, ó ní èrò oko Ìpara lòun ń kó, òun fẹ́ iná tó mọ́lẹ̀ dénú igbó. Iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ó ku fíúùsì tó máa ń já kí wáyà tó gbóná jù, fíúùsì sì ti tán. Ládànì wá pe ìrun. Ìdírísù bá gbé wáyà lé bátìrì tààrà, ó fi téèpù pupa wé e, ó tì í sábẹ́ táǹkì.

"Ẹ ṣì máa lò ó báyìí ná. Ẹ padà wá lọ́la."

Ṣebí gbogbo wa la mọ àwọn réwáyà wa! Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tan iná tó lágbára báyẹn pẹ́, wáyà á gbóná, rọ́bà rẹ̀ á yọ́, á kan irin. Epo rèé lókè wáyà. Kareemat rèé lókè epo!

"Ọlọ́ṣà, pa iná! Mo bẹ̀ ẹ́, pa iná ẹ!"

"Orí ẹ dàrú ni?" Olúdọ̀tun jágbe mọ́ ọn. "Iná yẹn la fi ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn!"

Ayẹta gbọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. "Kí n paná kí n kó sí kòtò? Ẹ ò tíì gbọ́n tó!"

Gbàù! Olúdọ̀tun yìnbọn sí táyà. Kò bà á.

"Ẹ ò rí i? Ìbọn ò ràn mí! Èmi Ayẹta!"

"Ẹ má yìn ín mọ́, ẹ̀gbọ́n, ìyàwó mi ni!" Ìdírísù ń sunkún bí ọmọdé. Kí ló tún lè ṣe? Ọwọ́ tó so wáyà ò tó o mọ́.

Ó gbóòórùn rọ́bà tó ń jóná.

"Kareemat! Fò! Kareemat o!" Ó pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há.

Iná funfun ṣẹ́jú, ó kú. Iná pupa rú lábẹ́ táǹkì, bùù! Ayẹta figbe ta, ó ń gbá ara rẹ̀ kiri. Oògùn rẹ̀ mọ ọta ìbọn, kò mọ wáyà. Kareemat fi ìgbọ̀nwọ́ gún un láyà, ó ju ara rẹ̀ sínú koríko. Máṣíìnì ṣubú, gbàgà!

Kíá ni Olúdọ̀tun ti gun ọlọ́ṣà náà lẹ́yìn, ó fi okùn dì í. "Ọlọ́run ló mú un! Ọlọ́run ló mú un!"

Ìdírísù wó lulẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀mí rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n itan rẹ̀ ti bó, wáyà kan sì lẹ̀ mọ́ ìró rẹ̀.

Kareemat wo wáyà náà nínú ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì. Téèpù tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ pupa. Òun fúnra rẹ̀ ló ra téèpù náà lọ́jà. Dúdú ni ọkọ rẹ̀ ní kó rà, kò rí dúdú.

"Bàbá Tawfiq," ló wí fún ọkọ rẹ̀ kẹ́lẹ́, "téèpù tí mo rà fún yín rèé."

Ìdírísù dojú bolẹ̀ nínú koríko níwájú rẹ̀.