Èwo Nínú Wọn Ni Tèmi?

Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà. Òjò wínníwínní ti ń sẹ̀ láti òwúrọ̀. Káfíńtà wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan láti tún tábìlì tó fi ń géṣọ ṣe.

"Ẹ bá mi wò ó, ọ̀gá. Ó ń gbọ̀n bí arúgbó tí òtútù mú."

"Ṣé tábìlì ló ń gbọ̀n lóòótọ́, àbí ẹ kàn fẹ́ rí mi?"

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló mú káfíńtà.

Kí ọdún tó yí po, wọ́n ti di olólùfẹ́. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ náà kò fara rọ. Nígbà mìíràn, ohùn ọmọdé ni aránṣọ fi ń bi í pé, "Bùọ̀dá, ṣé ẹ kò ní nà mí?" Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, yóò le koko: "Ta ló pè ọ́ síbí? Jáde!" Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò tún ní, "Olówó orí mi, kí ló dé tí o kò wá lánàá?"

Ó sú káfíńtà. Inú bí i débi pé ó fi òòlù lu ìka ara rẹ̀.

"Ẹni tó mọ̀ ọ́ lónìí, tí kò mọ̀ ọ́ lọ́la, ṣé aya nìyẹn?" ni ìyá rẹ̀ wí. "Ó ń fi ọ́ ṣeré ni."

"Màmá, kì í ṣe irọ́ ló ń pa."

"Kí ló wá ń ṣe é?"

Kò mọ̀. Àìmọ̀ yẹn gan-an ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

Aránṣọ fúnra rẹ̀ ló mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀. Dókítà fara balẹ̀ ṣàlàyé pé ẹni tó tọ́ aránṣọ dàgbà fi ìyà jẹ ẹ́ gidigidi.

"Bí ìyà bá ju agbára ọmọ kékeré lọ, tó ń ṣẹlẹ̀ léraléra, tí kò sì síbi tó lè sá sí, ọkàn rẹ̀ lè pín ẹrù náà. Apá kan á gbé ìbẹ̀rù, apá kan á gbé ìbínú, apá kan á sì máa bá ayé lọ. Ohun tí ọ̀kan ṣe, èkejì lè má rántí rẹ̀. Kì í ṣe iwin, kì í sì í ṣe irọ́."

Ọgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ṣi káfíńtà lọ́nà: lójú tirẹ̀, pákó tó bá ní kókó, ìfági ni oògùn rẹ̀.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fá àwọn yòókù dànù. Tèmi nìkan ni mo fẹ́."

Ojú aránṣọ yí padà. Ohùn líle nì ló jáde.

"Tìrẹ? Nígbà tí wọ́n ń na tìrẹ, ta ló gba ẹgba fún un? Èmi ni! Mo gbà á kí òun lè rí ẹ̀rín rín sí ọ. O wá fẹ́ fá mi dànù?"

Káfíńtà dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ló yẹ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

"O ti wá mọ̀ báyìí."

Ìbínú káfíńtà kò tán. Ọjọ́ ń bẹ tó ṣì ń fẹsẹ̀ janlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tún ní kí ẹnikẹ́ni lọ mọ́. Nígbà tí aránṣọ gbà á láyè, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀.

"Ọmọ kékeré ń bẹ nínú rẹ̀?" ni màmá bi í. "Ta ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún?"

Àwọn tó wà ní kóòtù lọ́jọ́ ìgbéyàwó nìyí: akọ̀wé, dókítà, káfíńtà àti ìyá rẹ̀. Ẹni tó tọ́ aránṣọ dàgbà kò sí níbẹ̀. Wọn kò pè é. Ìyàwó wà níbẹ̀. Ẹni ohùn líle nì yọjú lójú ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ọkọ ìyàwó látòkè délẹ̀, ó sì ní, "Má jẹ̀ẹ́ kí n kábàámọ̀." Ọmọ kékeré náà wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ìyá káfíńtà ló di ọwọ́ rẹ̀ mú.