Ìdájọ́ Ni Kó Ṣíwájú

Hàfúsátù ń rẹ́rìn-ín, omijé sì wà lójú rẹ̀. Bí Akóredé ṣe kọ́kọ́ rí i nìyẹn, níwájú kọ̀ǹpútà nínú ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé Malikah ní Òṣogbo. Ìbòrí rẹ̀ pupa bí ẹyìn tó pọ́n. Ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni Akóredé wá tẹ̀. Ó gbàgbé iye ẹ̀dà tó fẹ́.

"Ẹ̀rín nìyẹn àbí ẹkún?"

"Méjèèjì." Hàfúsátù nu ojú. "Ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì òkè òkun ni, fún másítà. Ọjọ́ tí mo ṣe é gan-an ni mo ti rí máàkì ìṣirò. Ó dáa. Ti àròkọ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Méjì nínú mẹ́fà."

Ìwé tó fi dánra wò wà lórí tábìlì. Akóredé tọrọ rẹ̀, ó kà á. Ìbéèrè náà ni bóyá ó yẹ kí ìjọba ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kéékèèké pa. Hàfúsátù kọ́kọ́ yin àwọn tó fẹ́. Ó yin àwọn tí kò fẹ́. Ó wá fi ìdájọ́ sílẹ̀ fún àwọn tó ju òun lọ.

"Ta lo ń kúnlẹ̀ fún nínú ìwé yìí?"

"Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé nìyẹn. Ọmọdé kì í dájọ́ níwájú àgbà."

"Àwọn tó ń máàkì yìí kì í ṣe bàbá ẹ. Ìdájọ́ ni kó ṣíwájú. Lẹ́yìn náà, ìdí mẹ́ta."

"Tíṣà ni ọ́, àbí?"

"Ní Ìfọ́n."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Hàfúsátù. "Ọmọ Ìlobù ni mí."

Akóredé rọra gbé ìwé náà padà sórí tábìlì. Ìlú àwọn méjèèjì kò jìnnà síra, àmọ́ ìjà ilẹ̀ ti há láàárín wọn bí egungun ẹja lọ́nà ọ̀fun.

Síbẹ̀, wọ́n ń pàdé ní ṣọ́ọ̀bù náà ní Sátidé Sátidé. Hàfúsátù ń kọ, Akóredé ń fi bírò pupa tọ́ ọ. Ní oṣù kejì ìpàdé wọn, Alàájì Àbdùlláhì, bàbá Hàfúsátù, gbọ́. Oko iṣu rẹ̀ kan wà lẹ́bàá ààlà ìlú méjèèjì, tí kò lè dé mọ́ nítorí ìjà náà. Ó ní òun ò fẹ́ rí ọmọ Ìfọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ òun.

Ìwé nìkan ló wá ń rìn láàárín wọn. Hàfúsátù á fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ Malikah ní ọjọ́ ọjà, Akóredé á mú un ní Sátidé. Á jókòó sórí àga tí ọmọbìnrin náà máa ń jókòó sí. Bó bá rí àbàwọ́n epo létí ìwé, á mọ̀ pé ìdí ààrò ló ti kọ ọ́. Á fọwọ́ kan ibẹ̀.

Bí àròkọ náà ṣe ń dáa sí i ni ẹni tó kọ ọ́ ń jìnnà sí i. Akóredé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó rí àṣìṣe ńlá kan. Ó gbé bírò dúró lókè ìwé. Bí òun bá fojú fo èyí ńkọ́? Ó pẹ́ kó tó fa ìlà sí i. "Tún ibí kọ," ló kọ.

Hàfúsátù ṣe ìdánwò náà lẹ́ẹ̀kejì. Ìṣirò jáde lọ́jọ́ náà. Ti àròkọ gba ọjọ́ mẹ́wàá. Akóredé ò gbọ́ nǹkan kan, kò sì jẹun dáadáa. Ní ọjọ́ kọkànlá, fóònù rẹ̀ dún: "Mẹ́rin àbọ̀. Wá kí Bàbá mi ní Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun."

Ó lọ sí Ìlobù. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ọmọ Ìfọ́n ni mí, sà."

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Hàfúsá, kí lèyí?"

Akóredé rò pé ọmọbìnrin náà á yí ọ̀rọ̀ náà po. Hàfúsátù kúnlẹ̀.

"Akóredé ni mo fẹ́ fẹ́, Bàbá. Ìdí mẹ́ta ni mo ní."

Ẹnu ya bàbá. "Kín ni àkọ́kọ́?"

"Àròkọ mi burú, ó sì sọ fún mi pé ó burú."

"Ìkejì?"

"Ẹ lé e. Kò bú yín lẹ́yìn."

"Ìkẹta ńkọ́?"

Hàfúsátù gbójú sókè. "Ó mọ̀ pé bí mo bá yege, màá fi òun sílẹ̀ lọ. Ó ṣì kọ́ mi."

Bàbá wo Akóredé títí.

"Ẹni tó fẹ́ gba nǹkan ẹni kì í ṣílẹ̀kùn fún nǹkan náà pé kó máa lọ. Dìde. Ní kí àwọn òbí rẹ wá." Ó mí kanlẹ̀. "Oko mi ṣì ń dùn mí o."

"Mo mọ̀, sà."

Wọ́n so yìgì lóṣù Keje. Lóṣù Kẹjọ, Akóredé gbé àpótí ìyàwó rẹ̀ dé gárèèjì Òṣogbo. Yunifásítì òkè òkun ti gbà á; ọdún méjì ni másítà náà.

"Tíṣà, ṣé wàá dúró dè mí?"

"Màá dúró."

"Ìdí mẹ́ta dà?"

Akóredé wo ìbòrí pupa náà. "Ó di ìgbà tí o bá dé."

Mọ́tò gbéra. Ní Sátidé, Akóredé lọ sí ṣọ́ọ̀bù Malikah, ó jókòó sórí àga náà, ó ṣí ìwé tuntun. Ó kọ ìdí kìíní sílẹ̀.