Ìtàn Tí Verna Dà Kọ

"Ta ni yóò mọ̀?" Ardis béèrè. Ó fẹ́ eruku orí màgasíìnì àtijọ́ náà dànù, ó sì nà án sí Verna. "Ó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹni tó kọ ọ́ á ti kú."

Verna gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Yàrá ìsàlẹ̀ ilé ìkàwé Quarry Harbor ni wọ́n wà, níbi tí àwọn méjèèjì ti máa ń bá wọn to ìwé bí ilé-ìwé bá ti jáde. Ọdún 1949 ni. Ọ̀la ni ìdíje ìtàn kíkọ ilé-ìwé wọn yóò parí, Verna Tibbetts, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, kò sì tíì kọ ju ìlà mẹ́ta lọ. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Gbogbo ohun tó bá ti kọ ló máa ń fà ya. Ó ní, nínú ìlú kékeré tí òórùn ẹja kì í tán níbẹ̀, kí lèèyàn rí tó tó kọ?

Ẹ̀bùn ìdíje náà jẹ́ ẹ̀rọ táípù tuntun, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló ká Verna lára tó ẹni tí yóò ṣe ìdájọ́. Ìyáàfin Adelia Farnham ni. Kò sí ilé kan nílùú náà tí ìwé obìnrin yìí kò sí. Ìtàn ọ̀ràn ìpànìyàn ló ń kọ: èèyàn á kú ní ojú ewé kejì, ẹni tó ń kà á kò sì ní mọ ẹni tó pa á títí ìwé yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìwé mọ́kànlélógójì ló ti kọ. Bó bá ń kọjá lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ tòun ti ọ̀pá rẹ̀, àwọn apẹja á dá ọ̀rọ̀ dúró, wọ́n á ṣí fìlà. Verna a sì máa wò ó títí yóò fi yà ní kọ̀rọ̀, bí ẹni ń wo òṣùmàrè.

"Ṣebí o fẹ́ kó pe orúkọ rẹ?" Ardis tún wí. "Àbí kó pe ti ọmọ dókítà tó ń bá ọ díje yẹn?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Verna lára. Ó gbé màgasíìnì náà lọ sílé. Ojú ewé mọ́kànlá ni ìtàn inú rẹ̀, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Rufus Calder ló kọ ọ́. Verna dà á kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orúkọ ìlú àti orúkọ èèyàn nìkan ló yí padà.

Ìyá rẹ̀, tó ń gé ẹja sínú agolo ní ilé iṣẹ́ etí òkun, wá bá a níbi tó jókòó sí. "Ẹ̀wà rẹ ti tutù o." Ó yọjú wo ìwé náà, ó rẹ́rìn-ín. "Mi ò tiẹ̀ mọ ẹni tí o gbé ọpọlọ yìí jọ."

Verna fi ọwọ́ bo màgasíìnì náà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Mísì Lunt, olùkọ́ wọn, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìyáàfin Farnham ní kí o wá rí àwọn nílé lọ́sàn-án yìí. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mo ti ń ṣètò ìdíje yìí, wọn ò pe ọmọ kankan rí."

"O ti gbà á nìyẹn," ni Ardis sọ. "Bí o bá débẹ̀, jókòó bí ìyàwó gómìnà."

Ìyáàfin Farnham fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó mú Verna wọ yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkun. Ìwé kún ara ògiri láti ilẹ̀ dókè, orúkọ obìnrin náà sì wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn mìíràn ní èdè tí Verna kò tilẹ̀ lè pè. Làkúrègbé ti ká ìka ìyáàfin náà kò. Ìka méjì péré ló fi ń tẹ ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì. Verna wo àwọn ìka náà, ó tún wo ògiri.

"Jókòó, ọmọ mi. Ìtàn náà dùn. Ohun kékeré kan ni mo fẹ́ bi ọ́. Ní ọjọ́ tí ọkọ obìnrin inú rẹ̀ kú, obìnrin náà fọ ife ọkọ rẹ̀, ó fi tirẹ̀ sílẹ̀. Ọlọ́pàá ní májèlé ló ń fọ̀ dànù. Ṣùgbọ́n kò jẹ̀bi. Kí ló wá dé tó fi fọ̀ ọ́?"

Verna ro gbogbo ojú ewé mọ́kànlá náà lọ́kàn. Kò sí ìdáhùn níbẹ̀. "Ó fẹ́ràn ìmọ́tótó ni, Mà."

"Kí ló dé tí kò fọ tirẹ̀?"

Verna wo ilẹ̀.

"Níbo lo ti rí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ rí?"

Ohùn obìnrin náà kò le rárá. Irọ́ kan ti dé ètè Verna: ìyá ìyá òun ni. Ó gbójú sókè, ó rí ojú àgbàlagbà náà tó ń wò ó láìbínú, tó ń dúró. Ó rí i pé òun kò lè sọ ọ́.

"Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́, Mà. Inú màgasíìnì kan ni mo ti dà á kọ. Rufus Calder ló kọ ọ́."

"Mo mọ̀," ni Ìyáàfin Farnham wí. "Èmi ni Rufus Calder."

Verna fẹ́ dìde, ó tún jókòó.

"Ọkọ mi lọ pẹja," ni obìnrin náà ń sọ lọ, ojú rẹ̀ wà lára òkun. "Òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé wálé. Ife tó fi mu kọfí kó tó jáde ṣì wà lórí tábìlì. Mo fọ̀ ọ́ kí n má baà máa rí i. Ìgbà tí mo fọ̀ ọ́ tán ni mo rántí pé ètè rẹ̀ ló kàn án gbẹ̀yìn." Ó yíjú sí Verna. "Ọmọ méjì wà lọ́rùn mi. Bí mo bá po ìyẹ̀fun búrẹ́dì tán, kó tó wú, mo máa ń kọ̀wé. Ìgbà mẹ́rìnlélógún ni wọ́n dá ìtàn padà fún mi. Ọ̀gá kan ní ilé iṣẹ́ màgasíìnì kọ ọ́ sí mi pé kí ni obìnrin mọ̀ nípa ìpànìyàn, kí n máa kọ nípa kéèkì. Mo fi orúkọ ọkùnrin sí ìtàn yẹn gan-an, mo dá a padà sí i. Ó rà á. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jẹ́ Rufus kí wọ́n tó gbà kí n jẹ́ Adelia."

 Verna ti rò pé ọ̀rọ̀ orí ìwé lásán lòun mú. Kò mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ẹlòmíràn lòun gbé wọ̀ bí ẹ̀wù. Ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n ìyanu tó mú un ju ẹ̀rù lọ: pé obìnrin kan dúró nídìí ààrò pẹ̀lú irú ẹrù bẹ́ẹ̀, ó sì fi kọ́ gbogbo ògiri yìí.

"Kí ni kí n ṣe, Mà?"

"Ìwọ fúnra rẹ ni kó sọ fún olùkọ́ rẹ. N kò ní bá ọ sọ ọ́, n kò sì ní bá ọ bò ó. Lẹ́yìn náà, mú ojú ewé kan wá fún mi lọ́jọ́ Sátidé. Ohun tí ojú tìrẹ rí ni kó wà níbẹ̀."

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Nígbà tí Verna jẹ́wọ́ fún Mísì Lunt, olùkọ́ náà yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, ó ní kò ní bá wọn díje mọ́ títí yóò fi jáde ilé-ìwé, ó sì ní kó dìde sọ ohun tó ṣe níwájú kíláàsì. Ardis ní eré lòun ń ṣe lọ́jọ́ tí òun fún un ní màgasíìnì náà, láti ìgbà yẹn ló sì ti ń gba ọ̀nà mìíràn lọ sílé. Ìyá Verna kò bá a wí. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ó ní: "Ohun tó dùn mí ni pé mo ti yọ̀."

Ìyá rẹ̀ ń kó abọ́ nílẹ̀ bó ti ń sọ ọ́. Verna wo ọwọ́ rẹ̀, àkísà funfun tí a fi di ọgbẹ́ wà lára ìka mẹ́rin. Ó ti ń rí ọwọ́ yẹn láti kékeré, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ló wò ó. Ó mú pẹ́ńsùlù.

Lọ́jọ́ Sátidé, Ìyáàfin Farnham mú pẹ́ńsùlù pupa, ó ń fa ìlà sára ohun tí Verna kọ. Ó pa ìlà àkọ́kọ́ rẹ́, ó pa ìkejì, ó ń pa á lọ. Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ka ohun tó kù sókè:

"Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá mi kì í bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, bí oòrùn tilẹ̀ mú, kí ẹnikẹ́ni má baà ka iye ọgbẹ́ tí sísọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ ti dá sí i lọ́wọ́."

Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. "Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni, Mà."

"Mo gbà ọ́ gbọ́."

Ọdún méjì gbáko ni Verna fi ń lọ sí ilé náà ní Sátidé Sátidé, ọ̀pọ̀ ojú ewé rẹ̀ ni wọ́n sì pa rẹ́ níbẹ̀. Kò gba ẹ̀rọ táípù kankan. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn tó jẹ́ tirẹ̀ níyì lójú rẹ̀ ju ojú ewé mọ́kànlá ẹlòmíràn lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣo ni. Rẹ́gí ni ohun ẹni ń bá ni mu.