Ìbéèrè Tí Adégbọlá Kọ Sójú Kọ̀ǹpútà

Bàtà rẹ̀ ni Adégbọlá kọ́kọ́ rí. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà yàrá kọ̀ǹpútà ní Okokomaiko, àfi ọmọbìnrin kan tó fi tirẹ̀ há abíyá, tó ń wo ẹ̀rọ bí ẹni tó fẹ́ lọ kí àna.

"Tíṣà, mi ò fẹ́ kí wọ́n jí i o."

Ìbíyẹmí ni, ọmọ sájẹ́ǹtì kan ní bárékè Ọ̀jọ́. Ọdún 1992 nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, ó tẹ lẹ́tà fún odidi wákàtí kan. Ẹ̀rọ bi í ní ìbéèrè, ó dáhùn, lẹ́tà sì pòórá.

"Mo ti bà á jẹ́, Tíṣà."

"Ìwọ kọ́. Ẹni tó kọ ìbéèrè tí kò yéni ló jẹ̀bi. Ojú kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ bá èèyàn sọ̀rọ̀ tààrà."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń to ojú ẹ̀rọ: kí ọ̀rọ̀ má pọ̀, kí aṣìṣe ṣeé tún ṣe. Bí wọ́n bá jáde, wọ́n á jọ jẹ bọ̀ọ̀lì dé géètì bárékè. Adégbọlá fẹ́ràn rẹ̀ dénú, ṣùgbọ́n ẹnu tó fi ń kọ́ni kò ṣeé fi dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́.

Lójijì ni àwọn ọ̀gá ológun ní kí bàbá Ìbíyẹmí máa lọ ṣiṣẹ́ ní Kàdúná. Sátidé ni gbogbo ilé wọn máa kó lọ. Lọ́jọ́ Ẹtì, Adégbọlá kọ ọ̀rọ̀ sójú ẹ̀rọ tí ọmọbìnrin náà máa ń lò, ìtìjú sì lé e jáde:

ÌBÍYẸMÍ, ṢÉ O Ò NÍ FẸ́ MI? TẸ B FÚN BẸ́Ẹ̀ NI, R FÚN RÁRÁ.

Nígbà tó padà dé, ọmọbìnrin náà ti lọ. R ló bá lójú ẹ̀rọ. Ní Sátidé, Adégbọlá kò lọ dágbére fún wọn ní bárékè. Ó tilẹ̀kùn mọ́rí nínú yàrá rẹ̀ ní Ìbá, ó ń sunkún.

Ọdún méje kọjá, kò fẹ́ ẹnikẹ́ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin kan bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà yàrá kọ̀ǹpútà, ó rò ó wò, ó tún mú un, ó fi há abíyá. Adégbọlá dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Tíṣà, kí ni mo fi ṣe yín?" Ìbíyẹmí bi í. "A dúró dè yín ní géètì. Bàbá mi ní kí dẹ́rẹ́bà ṣe sùúrù, pé àna òun ń bọ̀."

"Yẹmí, R lo tẹ̀."

"R ni mo tẹ̀! Ẹ bi mí bóyá mi ò ní fẹ́ yín. Mo ní rárá, kò rí bẹ́ẹ̀, màá fẹ́ yín. Ìgbà tí ẹ ò wá, ojú tì mí láti kọ lẹ́tà."

Adégbọlá rọra jókòó. Òun tó ń kọ́ gbogbo èèyàn pé kí ìbéèrè ṣe tààrà, òun náà ló gbé èyí tó wọ́ fún ẹni tó fẹ́ jù láyé.

"Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n kú lọ́dún tó kọjá. Wọ́n béèrè yín títí."

Ìyẹn ló dùn ún jù. "Èmi ni mo bà á jẹ́," ó ní.

"Ẹ̀yin ni lóòótọ́. Ẹni tó kọ ìbéèrè ló jẹ̀bi, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi." Ó fẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Èmi náà ò tíì lọ́kọ. Ẹ tún un bi mí, Tíṣà. Tààrà."

Adégbọlá kò lọ sídìí ẹ̀rọ lọ́tẹ̀ yìí.

"Ìbíyẹmí, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Bàbá tó yẹ kó gbọ́ ọ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìbíyẹmí mú bàtà kúrò ní abíyá, ó lọ tò ó ti bàtà Adégbọlá lẹ́nu ọ̀nà.